Ebi Kò Mọ Òfin: Ọrọ̀ Ajé Ẹlẹgẹ́ àti Ìgbésẹ̀ Pàjáwìrì Ìjọba Lásìkò Àrùn Kòrónà

Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn bá wọ ìlú, iṣẹ́ méjì ló máa ń bọ́ sí ìjọba lọ́rùn lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀kan máa ń dí èkejì lọ́wọ́. Ó gbọ́dọ̀ dá ìrìn àwọn ènìyàn dúró kí wọ́n má baà kó àrùn ran ara wọn, ó sì gbọ́dọ̀ rí i dájú pé àwọn tí a ní kí wọ́n jókòó sílé wọ̀nyí rí oúnjẹ òòjọ́ jẹ. Ní ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń gba owó oṣù, tí wọ́n sì ní ìpamọ́ ní báǹkì, iṣẹ́ kejì yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ nira, ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ tó jẹ́ pé ohun tí ènìyàn bá rí láàárọ̀ ni yóò fi se ọbẹ̀ alẹ́, ẹni tó bá ti ọjà pa ti ti ilé ìdáná pa pẹ̀lú rẹ̀. Ní ọdún 2020, Nàìjíríà, Benin àti Togo dojú kọ àrùn kòrónà pẹ̀lú ọrọ̀ ajé tó jọra, síbẹ̀ ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n gbà. Àyẹ̀wò ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe fi hàn pé iye owó tí ìjọba bá kéde lọ́jọ́ ìpọ́njú kò lágbára tó ohun tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ìpọ́njú tó dé, ìyẹn owó ìpamọ́, àkọsílẹ̀ orúkọ àwọn ará ìlú, àti ìgbẹ́kẹ̀lé tí wọ́n ní nínú rẹ̀.

Kí ni ọrọ̀ ajé ẹlẹgẹ́?

Ọrọ̀ ajé ẹlẹgẹ́ ni ọrọ̀ ajé ìdílé tàbí ti orílẹ̀-èdè tí kò ní ohun kan nípamọ́ tí yóò fi rọ́jú bí owó tó ń wọlé bá dáwọ́ dúró fún ìgbà díẹ̀, débi pé ìdádúró ọ̀sẹ̀ méjì lè di gbèsè ọdún méjì. Ní Nàìjíríà, ó ju ènìyàn mẹ́jọ lọ nínú mẹ́wàá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ tó jẹ́ pé iṣẹ́ àdáni tàbí iṣẹ́ ojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe, iṣẹ́ tí kò ní ìwé ìgbanisíṣẹ́, tí kò sì ní owó ìfẹ̀yìntì. Awakọ̀ dánfó tó gbọ́dọ̀ san owó ojúmọ́ fún ẹni tó ni ọkọ̀, bíríkìlà tó ń dúró ní oríta ní ìdájí de ẹni tí yóò pè é síṣẹ́, onídìrí, aláàárù, ọlọ́kadà àti ìyá olóúnjẹ wà nínú wọn. Ìpamọ́ tí ọ̀pọ̀ wọn ní ni àjọ, ìyẹn owó tí alájọ ń gbà lójoojúmọ́ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, tí yóò sì kó fún olówó lópin oṣù lẹ́yìn tó bá ti yọ owó ọjọ́ kan fún ara rẹ̀. Bí ọjà bá wà ní títì, owó àjọ tuntun kò ní wọlé, èyí tó wà nílẹ̀ yóò sì di jíjẹ. Lẹ́yìn àjọ, ojú owó tí wọ́n fi ń ra ọjà ló kàn, ẹni tó bá sì ti jẹ ojú owó tán kò ní ohun tí yóò tà lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí ọjà padà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020 gan-an ni àjọ ìṣirò orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, NBS, gbé ìwádìí kan jáde, èyí tí wọ́n ṣe kí àrùn náà tó dé, tó fi hàn pé ìdá 40.1 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè náà, ìyẹn bíi mílíọ̀nù 83, ni ohun tí wọ́n ń ná lọ́dún kò tó 137,430 náírà.

Ipò ìjọba fúnra rẹ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti ìyá olóúnjẹ tó ń jẹ láti ọwọ́ dé ẹnu. Nígbà náà, epo rọ̀bì àti gáàsì ló ń mú bíi ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá owó tí Nàìjíríà ń rí lórí ọjà tó ń tà sí òkèèrè wá, bẹ́ẹ̀ ni owó orí àti owó orí ọjà tí ìjọba ń gbà kéré gan-an, nítorí pé nínú gbogbo ọgọ́rùn-ún náírà tí ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè náà ń pèsè, bíi náírà mẹ́fà péré ló ń bọ́ sí àpò ìjọba gẹ́gẹ́ bí owó orí. Ètò ìṣúná ọdún 2020 dá lórí ìrètí pé àgbá epo kan yóò máa mú dọ́là 57 wá. Nígbà tí àrùn náà dá ọkọ̀ òfuurufú àti ilé iṣẹ́ dúró káàkiri àgbáyé, iye tí wọ́n ń ta àgbá epo já wálẹ̀ kọjá dọ́là 20 nínú oṣù Kẹrin, ìjọba sì ní láti tún ìṣúná náà kọ lórí dọ́là 28. Àpò kan wà tí a mọ̀ sí Excess Crude Account, níbi tí wọ́n ń kó àjẹṣẹ́kù owó epo sí nígbà tí epo bá wọ́n, kí wọ́n lè rí i lò nígbà tó bá já wálẹ̀. Ní nǹkan bí ìparí ọdún 2008, owó inú àpò náà ju bílíọ̀nù 20 dọ́là lọ. Nínú oṣù Kejì ọdún 2020, kò tó mílíọ̀nù 72 dọ́là. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé nígbà tí owó dáwọ́ dúró fún àwọn ará ìlú, ó ti dáwọ́ dúró fún ẹni tó yẹ kó ràn wọ́n lọ́wọ́ pẹ̀lú.

Òfin ọdún 1926 fún àrùn ọdún 2020

Ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2020 ni wọ́n fìdí ẹni àkọ́kọ́ tó ní àrùn náà múlẹ̀ ní Nàìjíríà, ọmọ ilẹ̀ Ítálì kan tó gba pápákọ̀ òfuurufú Èkó wọlé, tó sì ti ṣiṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ Ògùn kí àìsàn rẹ̀ tó hàn. Ààrẹ Muhammadu Buhari gbé ìgbìmọ̀ amúṣẹ́yá kan dìde lábẹ́ akọ̀wé ìjọba àpapọ̀, Boss Mustapha, láti darí ìgbógun ti àrùn náà. Wọ́n ti pápákọ̀ òfuurufú tó ń gba ọkọ̀ òkèèrè nínú oṣù Kẹta. Nígbà tó sì di ọjọ́ 29 oṣù náà, ààrẹ kéde òfin kónílé-ó-gbélé fún Èkó, Ògùn àti Àbújá, bẹ̀rẹ̀ láti agogo mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ kejì. Gómìnà Dapo Abiodun bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fún ìpínlẹ̀ Ògùn láyè díẹ̀ kí àwọn ènìyàn lè ra oúnjẹ sílé, ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ni tiwọn sì tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, wọ́n tún fi ọ̀sẹ̀ méjì mìíràn kún un, kò sì rọlẹ̀ títí di ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún, nígbà tí wọ́n fi ìséde òru, láti agogo mẹ́jọ alẹ́ sí mẹ́fà ìdájí, rọ́pò rẹ̀ ní gbogbo orílẹ̀-èdè.

Òfin tí ààrẹ gbára lé láti ṣe gbogbo èyí ni òfin ìyàsọ́tọ̀ nítorí àrùn, tí ìjọba amúnisìn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ọdún 1926. Òfin kúkúrú ni, ìjìyà tó sì wà nínú rẹ̀ fún ẹni tó bá tàpá sí i ni owó ìtanràn 200 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. Ó fún olórí orílẹ̀-èdè lágbára láti ṣe ìlànà tí yóò dí ìtànkálẹ̀ àrùn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò di ẹrù bí àwọn tí a dá dúró yóò ṣe jẹun lé ìjọba lórí. Ìlànà ọdún 2020 yọ ilé ìwòsàn, àwọn tó ń ta oúnjẹ, ilé epo àti àwọn tó ń pèsè iná mànàmáná sílẹ̀, èyí tó bọ́gbọ́n mu, àmọ́ ẹni tó kù sílé láìní owó kò lè jẹ àǹfààní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ tó ṣí sílẹ̀. Nínú oṣù Kẹrin kan náà ni olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin, Femi Gbajabiamila, gbé àbá òfin tuntun kan síwájú ilé láti rọ́pò ti 1926, ṣùgbọ́n àríyànjiyàn ńlá ló gbà á lórí agbára tó fẹ́ kó fún àwọn aláṣẹ, àbá náà kò sì di òfin.

Owó tó jáde àti ọ̀nà tó gbà

Oríṣi owó ìrànwọ́ mẹ́ta ni ìjọba gbé jáde. Èkíní ni owó yíyá. Báǹkì àpapọ̀ Nàìjíríà, CBN, kéde ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹta pé èlé orí owó tí òun ti yá àwọn oníṣòwò àti àgbẹ̀ tẹ́lẹ̀ yóò dínkù láti ìdá 9 sí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún fún ọdún kan, ó sì ya bílíọ̀nù 50 náírà sọ́tọ̀ fún àwọn ìdílé àti àwọn òwò kéékèèké tí àrùn náà pa lára. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń bèèrè owó náà nípasẹ̀ báǹkì NIRSAL Microfinance, olùbèèrè sì gbọ́dọ̀ ní àkáǹtì báǹkì àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ báǹkì, BVN, kó sì lè ṣàlàyé òwò tó ń ṣe. Ó ran àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù àti ìwé lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìlànà rẹ̀ fi ọ̀pọ̀ alátẹ ata àti aláàárù sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, yàtọ̀ sí pé owó yíyá kì í ṣe ohun tí ẹni tí ebi ń pa nílò.

Èkejì ni owó ọ̀fẹ́ fún àwọn tálákà, 5,000 náírà lóṣù fún ìdílé kan, tí ìjọba kó pọ̀ san fún oṣù mélòó kan lẹ́ẹ̀kan. Àkọsílẹ̀ tí wọ́n fi ń san án ni ìwé orúkọ àwọn aláìní ní orílẹ̀-èdè, tí Báǹkì Àgbáyé ràn wọ́n lọ́wọ́ láti kọ, nínú èyí tí ìdílé mílíọ̀nù 2.6 wà nígbà náà. Ìgbèríko tí ìṣẹ́ ti pọ̀ jù ni wọ́n ti kọ orúkọ náà jù lọ, nípa kíkó àwọn ará abúlé jọ kí wọ́n fúnra wọn tọ́ka sí àwọn tí kò ní láàárín wọn. Ọ̀nà tó dára ni, àmọ́ àárín ìlú ńlá ni òfin kónílé-ó-gbélé ti mú jù, níbi tí awakọ̀ dánfó àti onídìrí kò ti sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Ààrẹ ṣèlérí ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin pé ìdílé mílíọ̀nù kan yóò kún un láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ṣùgbọ́n oṣù Kìíní ọdún 2021 ni wọ́n tó ṣí ìwé orúkọ mìíràn tó dá lórí àwọn aláìní inú ìlú.

Ẹ̀kẹta ni ètò ìmúdúró ọrọ̀ ajé, tí ìgbìmọ̀ tí igbákejì ààrẹ, Yemi Osinbajo, ṣe olórí rẹ̀ gbé kalẹ̀ nínú oṣù Kẹfà, tí iye rẹ̀ tó tírílíọ̀nù 2.3 náírà. Nínú rẹ̀ ni owó tí ìjọba fi ran àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké lọ́wọ́ láti san owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ wọn, àti iṣẹ́ ìlú fún ènìyàn 774,000, ìyẹn ẹgbẹ̀rún kan láti ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú 20,000 náírà lóṣù fún oṣù mẹ́ta. Iṣẹ́ ìlú náà kò bẹ̀rẹ̀ títí oṣù Kìíní ọdún 2021, oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn tí òfin ti rọlẹ̀. Ìjọba kò sì rí gbogbo owó tó ná nínú àpò ara rẹ̀: ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin, àjọ ìṣúná àgbáyé, IMF, fọwọ́ sí bílíọ̀nù 3.4 dọ́là fún Nàìjíríà gẹ́gẹ́ bí owó yíyá pàjáwìrì, tí wọ́n ń yára fún orílẹ̀-èdè tí ìjàm̀bá òjijì bá dé bá. Gbèsè tí wọ́n fi kún gbèsè ni, ní àkókò tó jẹ́ pé sísan gbèsè àtijọ́ ti ń gba ju ìdajì owó tó ń wọlé fún ìjọba àpapọ̀.

Oúnjẹ inú ilé ìkẹ́rù

Ìjọba ìpínlẹ̀ ló sún mọ́ ará ìlú jù, àwọn ni wọ́n sì di ẹrù oúnjẹ lé lórí. Gómìnà Babajide Sanwo-Olu kéde kí òfin tó bẹ̀rẹ̀ pé ìdílé 200,000 ní Èkó ni yóò kọ́kọ́ gba ìrẹsì, gàárì, ẹ̀wà àti oúnjẹ mìíràn. Iye náà kì í ṣe kékeré, àmọ́ ní ìlú tí olùgbé rẹ̀ ju mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ, ẹni tí kò kàn pọ̀ ju ẹni tó kàn. Ìjọba àpapọ̀ ní kí wọ́n kó 70,000 tọ́ọ̀nù ọkà jáde láti inú àká orílẹ̀-èdè, àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni ńláńlá àti báǹkì náà sì kóra jọ sábẹ́ ẹgbẹ́ kan tí wọ́n pè ní CACOVID láti kọ́ ibùdó ìyàsọ́tọ̀, kí wọ́n sì ra oúnjẹ fún ìpínlẹ̀ gbogbo.

Láàárín ìgbà náà, ìfòyà gba ìgboro. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, àwọn mìíràn sì fi ìnira náà bojú láti jalè. Ní Agége, Ìyànà Ìpájà àti apá Sàngó Ọ̀tà, àwọn olùgbé ń sun táyà, wọ́n sì ń ṣọ́ àdúgbò wọn mọ́jú nínú oṣù Kẹrin nítorí ìròyìn àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ adigunjalè. Àwọn agbófinró náà lo agbára ju bó ti yẹ lọ: àjọ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní Nàìjíríà, NHRC, kéde láàárín oṣù náà pé ènìyàn 18 ni wọ́n ti pa níbi tí wọ́n ti ń fipá mú àwọn ènìyàn pa òfin mọ́, ní ìgbà tí iye àwọn tí ìjọba kà pé àrùn náà ti pa jẹ́ 12.

Nígbà tí ìwọ́de EndSARS, tí àwọn ọ̀dọ́ fi tako ìwà ìkà ọlọ́pàá, dópin pẹ̀lú ìrúkèrúdò nínú oṣù Kẹwàá, àwọn ará ìlú rí oúnjẹ tó ní àmì CACOVID lára nínú ilé ìkẹ́rù kan ní Mazamaza ní Èkó, wọ́n sì kó o lọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Ẹdẹ, Ìlọrin, Jos, Calabar àti Àbújá. Àwọn gómìnà ṣàlàyé pé oúnjẹ náà pẹ́ kó tó dé ọwọ́ àwọn, pé wọ́n ṣì ń pín in lọ́wọ́ ni, àti pé àwọn ìpínlẹ̀ kan fi díẹ̀ pamọ́ nítorí ìgbì kejì àrùn náà. Bóyá àlàyé yìí tọ́ tàbí kò tọ́, ohun kan dájú: oúnjẹ tí wọ́n pè ní pàjáwìrì wà nílẹ̀ títí oṣù márùn-ún lẹ́yìn tí òfin rọlẹ̀, ará ìlú tí wọn kò sọ iye tó wà níbẹ̀ àti ẹni tí yóò kàn fún kò sì ní ìdí tí yóò fi gbà pé ti òun ṣì ń bọ̀.

Ọ̀nà tí Benin àti Togo gbà

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ààrẹ Patrice Talon ti orílẹ̀-èdè Benin sọ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ ní òpin oṣù Kẹta pé Benin kò ní irú owó tí àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ ní, àti pé òun kò lè ti àwọn tí kò gba owó oṣù mọ́lé láìbọ́ wọn. Ohun tó ṣe dípò rẹ̀ ni pé ó fi odi ààbò yí àwọn ìlú gúúsù ká láti ọjọ́ 30 oṣù Kẹta, lára wọn ni Kútọnu, Àjàṣẹ́, Sèmè-Kpodji, Ouidah àti Allada, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbà wọlé tàbí jáde láìní ìdí pàtàkì, ṣùgbọ́n nínú odi náà, àwọn ènìyàn lè máa ṣe òwò wọn pẹ̀lú ìbòmú. Wọ́n gbé odi náà kúrò ní ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún. Kì í ṣe pé ìpinnu yìí kò ní ìnira, pàápàá fún àwọn oníṣòwò Yorùbá tó ń ná ọjà láàárín Sèmè, Ìdìròkò àti Kétu, tí Nàìjíríà ti ti ẹnubodè mọ́ láti oṣù Kẹjọ ọdún 2019, tí wọn kò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i padà títí oṣù Kejìlá ọdún 2020. Àmọ́ ìjọba náà kò pàṣẹ ohun tí kò ní agbára láti ru ẹrù rẹ̀.

Togo ní tirẹ̀ kéde ipò pàjáwìrì ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin, nígbà tó sì di ọjọ́ 8, owó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ orí fóònù àwọn ènìyàn nípasẹ̀ ètò tí wọ́n pè ní Novissi. Ohun tó mú kí ó yá bẹ́ẹ̀ ni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dìbò ààrẹ nínú oṣù Kejì ni, ìwé orúkọ olùdìbò sì wà nílẹ̀, tí iṣẹ́ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń ṣe àti àdúgbò rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ ojúmọ́ ní Lomé yóò tẹ nọ́ńbà kúkúrú kan lórí fóònù, tí kò ní láti jẹ́ ti íntánẹ́ẹ̀tì, yóò fi nọ́ńbà káàdì ìdìbò rẹ̀ ránṣẹ́, ẹ̀rọ yóò yẹ̀ ẹ́ wò, owó yóò sì wọlé: 12,250 owó CFA lóṣù fún obìnrin, 10,500 fún ọkùnrin, tí wọ́n pín sí ọ̀nà méjì. Obìnrin gbà jù nítorí pé àwọn ni oúnjẹ ilé sábà máa ń wà lọ́wọ́ wọn. Nígbà tó yá, àwọn olùwádìí ràn wọ́n lọ́wọ́ láti fi àwòrán tí ẹ̀rọ ojú òfuurufú yà àti bí àwọn ènìyàn ṣe ń lo fóònù mọ àwọn ìgbèríko tí ìṣẹ́ ti pọ̀ jù. Ètò náà ní àlébù: ẹni tí kò ní káàdì ìdìbò tàbí fóònù kò rí nǹkan gbà, owó náà kò sì tó fún oṣù kan gbáko. Síbẹ̀, ó dé ní ọ̀sẹ̀ tí ebi dé.

Ohun tó kù nílẹ̀

Ọrọ̀ ajé Nàìjíríà súnkì nípa ìdá 6.10 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín oṣù Kẹrin sí Kẹfà ọdún 2020, ó tún súnkì nípa ìdá 3.62 ní oṣù mẹ́ta tó tẹ̀lé e, ìyẹn ni wọ́n sì fi pè é ní ìfàsẹ́yìn ọrọ̀ ajé, nítorí pé bí iye ọjà àti iṣẹ́ tí orílẹ̀-èdè ń pèsè bá dínkù fún ìdá mẹ́rin ọdún méjì tẹ̀léra, orúkọ rẹ̀ nìyẹn. Owó tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ní òkèèrè ń fi ránṣẹ́ sílé dínkù ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ lọ́dún náà, nítorí pé àrùn kan náà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wọn ní London àti Houston. Nígbà tó fi di oṣù Kejìlá, oúnjẹ ti wọ́n ju ti ọdún tó ṣáájú lọ nípa ìdá 19.56 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tó túmọ̀ sí pé 5,000 náírà ìrànwọ́ ti pàdánù bíi ìdá kan nínú mẹ́fà agbára rẹ̀ lọ́jà.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, nígbà tí ìjọba tuntun yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, wọ́n ṣèlérí 8,000 náírà lóṣù fún ìdílé mílíọ̀nù 12, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè, tí àwọn gómìnà jókòó nínú rẹ̀, sọ nínú oṣù Keje ọdún 2023 pé àwọn kò gbọ́kàn lé ìwé orúkọ àwọn aláìní náà, ètò sì tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀ràn náà kì í ṣe ti àrùn mọ́, síbẹ̀ ibi tó ti fọ́ ní 2020 ló tún ti fọ́.

Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ. Ìgbáradì tí ọ̀rọ̀ yìí ń bèèrè kò ṣòro láti dárúkọ: ìwé orúkọ tí ó ní àwọn oníṣẹ́ ojúmọ́ inú ìlú nínú, tí ó so mọ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀ àti fóònù wọn, tí a sì ń tún ṣe lọ́dọọdún, àpò ìpamọ́ tí òfin kò jẹ́ kí olóṣèlú kankan fọwọ́ kàn àyàfi ní ọjọ́ ìpọ́njú, àti òfin àjàkálẹ̀ àrùn tuntun tí yóò sọ pé ọjọ́ tí ìjọba bá ti ọjà ni owó ìrànwọ́ gbọ́dọ̀ jáde. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló ṣe pàtàkì jù, nítorí pé yóò fi ipá mú ìjọba láti ṣírò ohun tí àṣẹ rẹ̀ yóò ná an kó tó pa á, gẹ́gẹ́ bí Benin ti ṣe, kó má baà jẹ́ pé àwọn tí kò ní nǹkan kan nípamọ́ ni yóò máa san owó àṣẹ náà.